Gẹ́ẹ̀mù Ijó fún Eré Ìdárayá Nínú Ilé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn tí kò ráyè lọ sí jímù, tàbí tí owó jímù pọ̀ jù fún, ló sábà máa ń béèrè nípa gẹ́ẹ̀mù ijó. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí gan-an, nítorí mo ti rí àwọn tí kò jẹ́ sáré yípo àdúgbò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n wá ń fi ijó làágùn yọ̀bọ̀. Ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á lọ: máàkì tí tẹlifíṣọ̀n ń fún yín lọ́tọ̀, àǹfààní tí ara yín ń rí lọ́tọ̀. Orí rẹ̀ ni mo gbé ọ̀pọ̀ ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ yìí kà.

Kí là ń pè ní gẹ́ẹ̀mù ijó gan-an?

Gẹ́ẹ̀mù tí èèyàn ń fi ara ta ni. Ẹ kò ní jókòó máa tẹ bọ́tìnnì. Ẹ ó dìde dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n, orin á bẹ̀rẹ̀, oníjó á máa jó nínú ẹ̀rọ, ẹ̀yin náà á máa ṣe bó ti ń ṣe. Ẹ̀rọ á máa ṣọ́ yín, á sì máa fún yín ní máàkì.

Èyí tó gbajúmọ̀ káyé nínú wọn láyé àtijọ́ ni Dance Dance Revolution, tí ilé-iṣẹ́ Konami gbé jáde ní Jàpáánì lọ́dún 1998. Ilé ìṣeré tí wọ́n ti ń fi owó ta gẹ́ẹ̀mù ló ti bẹ̀rẹ̀. Pèpéle kan wà tó ní àmì ọfà mẹ́rin: iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì. Bí ọfà bá ti ń gòkè lójú ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ oníjó gbọ́dọ̀ tẹ irú rẹ̀ nílẹ̀ lásìkò tí ìlù bá bọ́ sí i. Nígbà tó yá ni wọ́n ṣe ẹní ijó tí èèyàn lè tẹ́ sílẹ̀ nínú pálọ̀.

Lọ́dún 2009 ni ilé-iṣẹ́ Ubisoft gbé Just Dance jáde fún Wii, ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù ti ilé-iṣẹ́ Nintendo. Èyí kò béèrè ẹní kankan, rìmóòtù ọwọ́ ti tó, ìdí nìyẹn tó fi tètè wọ ọ̀pọ̀ ilé. Ní 2010, Dance Central dé fún Xbox 360, ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù ti Microsoft, tó ń lo kámẹ́rà tí wọ́n ń pè ní Kinect. Ọdún yẹn náà ni Zumba Fitness dé. Zumba fúnra rẹ̀, ìyẹn eré ìdárayá tí wọ́n ń fi ijó ṣe, ti wà kí gẹ́ẹ̀mù rẹ̀ tó dé. Beto Pérez, ọmọ ìlú Cali ní Kòlóńbíà, ló dá a sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1990.

Ṣé eré ìdárayá gidi ni, àbí eré ọmọdé lásán?

Eré ìdárayá gidi ni, tí ẹ bá fi gbogbo ara jó o.

Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde ní 2020 sọ pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n, tàbí ìṣẹ́jú 75 sí 150 tó bá jẹ́ èyí tó le. Ijó wà lára ohun tí èèyàn lè fi pé iye yẹn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, 150 ti pé nìyẹn.

Àmọ́ bí ẹ ṣe jó o ló máa sọ ohun tí ẹ máa rí gbà. Òṣùwọ̀n kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní MET, tí wọ́n fi ń wo agbára tí ara ń lò. Jíjókòó jẹ́ẹ́ jẹ́ 1. Nínú àkójọ tí wọ́n ti kọ iye iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, gẹ́ẹ̀mù ìdárayá tó rọjú jẹ́ 2.3, èyí tó wà láàárín jẹ́ 3.8, èyí tó le bíi Dance Dance Revolution jẹ́ 7.2. Ẹ wo bí àlàfo yẹn ti fẹ̀ tó. Ẹni méjì lè wà nínú pálọ̀ kan náà, níwájú tẹlifíṣọ̀n kan náà, kí agbára tí ọ̀kan ń lò fi ìlọ́po mẹ́ta ju ti èkejì lọ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ibi tí ẹ wà? Ẹ sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń jó. Tí ẹ bá lè kọrin tẹ̀lé orin náà láìsí ìnira, kò tíì le tó. Tí ẹ bá lè sọ gbólóhùn kan parí, ṣùgbọ́n tí orin kò ṣeé kọ mọ́, ẹ ti dé ìwọ̀n. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta lẹ lè sọ kí ẹ tó mí, ó ti le nìyẹn. Àyẹ̀wò yìí kò ná yín ní kọ́bọ̀, mo sì gbà á gbọ́ ju kálórì tí gẹ́ẹ̀mù ń kọ sójú ẹ̀rọ lọ, nítorí ìfojúdíwọ̀n lásán ni gẹ́ẹ̀mù ń ṣe. Kò mọ bí ẹ ṣe ń mí.

Ìjọba pàápàá ti gbé e wò. Lọ́dún 2006, ìpínlẹ̀ West Virginia ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn yóò gbé Dance Dance Revolution sí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ibẹ̀, 765 ni wọ́n, nítorí pé àwọn ọmọ ń sanra jù. Inú mi dùn sí ìpinnu yẹn. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ọmọ tí wọn kì í yàn sí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù náà ní ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tó yẹ kó ṣiṣẹ́.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ̀ pé mò ń jó?

Ó wà lọ́wọ́ irú ẹ̀rọ tí ẹ ní, ìdáhùn yìí sì ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Lórí Wii àti Nintendo Switch, ohun tí ẹ mú lọ́wọ́ ọ̀tún ni ẹ̀rọ ń tẹ̀lé. Ohun kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń mọ̀ bí ọwọ́ ṣe ń yára àti ibi tó ń lọ. Kò mọ nǹkan kan nípa ẹsẹ̀ yín. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ ara rẹ̀ jẹ lè jókòó sórí àga, kó máa ju ọwọ́, kí máàkì rẹ̀ sì pọ̀ ju ti ẹni tó ń fò sókè sódò. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má tẹ̀lé máàkì nìyẹn. Fóònù tí ẹ bá fi ṣe rìmóòtù, bákan náà ni.

Ẹní ijó yàtọ̀: ẹsẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ọwọ́ yín lè rọ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kinect ló sún mọ́ olùkọ́ ijó jù. Ó ń fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí wo gbogbo ara, láti orí dé ẹsẹ̀, Dance Central á sì fi ẹ̀yà ara tí ẹ ṣì gbé hàn yín pẹ̀lú àwọ̀ pupa. Ó dùn mí pé Microsoft ti dáwọ́ ṣíṣe Kinect dúró láti 2017. Tókùnbọ̀ nìkan lẹ lè rí báyìí.

Kí n fi èyí kún un. Ijó tiwa wà nínú ìdí, nínú èjìká, nínú ẹ̀yìn tó tẹ̀ síwájú àti orúnkún tó rọ̀. Ẹni tó bá mọ bàtà jó mọ bí èjìká ṣe ń já lu ìlù, tí itan á sì máa gbóná. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn rìmóòtù yìí tó lè rí i. Ẹ má torí ẹ̀ dá ìdí yín dúró. Tí orin bá gbé yín, tí ẹ sì fi ìdí àti orúnkún kún ohun tí oníjó inú ẹ̀rọ ń ṣe, ara yín á jèrè rẹ̀ bí máàkì kò tilẹ̀ gòkè.

Èwo ni kí n rà? Owó mi kò pọ̀.

Tókùnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa máa ń rà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ tókùnbọ̀ dáadáa.

Wii ló sábà máa ń dínwó jù, ó sì ṣì wúlò: Just Dance ń jáde fún un títí dé ẹ̀dà 2020. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún iná. Wii tó wá láti Amẹ́ríkà, fólítì 120 ni ṣájà rẹ̀ ń gbà. Tí ẹ bá kì í bọ iná 230 wa tààrà, ó lè jó kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Xbox 360 ti Amẹ́ríkà náà sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà kí ẹ tó sanwó. Tó bá kọ 100–240V, ọkàn yín á balẹ̀. Ti Nintendo Switch àti PlayStation 4 máa ń gba méjèèjì.

Lẹ́yìn iná, ẹ béèrè orílẹ̀-èdè tí ó ti wá. Díìsì Wii tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà kò ní ṣiṣẹ́ nínú Wii tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ láti London, kí àbúrò yín sì fi díìsì ránṣẹ́ láti Houston, wọn kò ní bára mu. Switch kò ní wàhálà yẹn.

Ohun kan tún wà tó ń pa àwọn oníbàárà lára. Láti ẹ̀dà 2023, páálí Just Dance kì í ní díìsì tàbí káàdì nínú mọ́, nọ́ńbà tí ẹ máa fi gba gẹ́ẹ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni nọ́ńbà yẹn ń ṣiṣẹ́. Páálí tí ẹnìkan ti lò rí kò wúlò fún yín rárá, bó ti wù kó dán tó. Tó bá jẹ́ Switch lẹ ní, tí ẹ sì fẹ́ káàdì tí ẹ lè tún tà lọ́jọ́ iwájú, ẹ wá ẹ̀dà 2022 tàbí èyí tó ṣáájú rẹ̀.

Mi ò ní ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù kankan. Fóònù nìkan ni mo ní.

Ẹ ṣì lè jó. Just Dance Now, tó ti wà láti 2014, kò béèrè ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù. Ẹ ó ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tàbí tẹlifíṣọ̀n tó ní íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù yín á di rìmóòtù. Orin díẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ máa sanwó tí ẹ bá fẹ́ gbogbo rẹ̀. Dátà ló máa jẹ, ẹ fi èyí sí ìṣirò.

Ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù lè gba StepMania, tó ń ṣe bíi Dance Dance Revolution tí kò sì gba owó kankan. Tó bá ti wọlé tán, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ẹní ijó tó ní wáyà USB ni ẹ máa fi kún un.

Tí èyí náà bá pọ̀ jù, fídíò ijó ìdárayá kún YouTube bámúbámú, títí kan àwọn tó ń lo orin Afrobeats. Kò ní fún yín ní máàkì. Ẹ ti mọ èrò mi lórí máàkì.

Iná kì í dúró ládùúgbò wa. Ṣé mo máa tan jẹnẹrétọ̀ torí ijó ni?

Kò di dandan. Nintendo Switch kì í sábà lò ju nǹkan bíi wáàtì 20 lọ bó bá so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tẹlifíṣọ̀n LED kékeré sì wà ní nǹkan bíi 30 sí 60. Íńfátà kékeré tàbí sọ́là tó ń gbé fáànù àti gílóòbù lè gbé àwọn méjèèjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. PlayStation 5 lè gba tó wáàtì 200 nínú gẹ́ẹ̀mù tó wúwo, ìyẹn á tètè mu bátìrì gbẹ.

Ẹ má jó nínú yàrá tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń wọ̀. Ẹni tó ń jó ń mí jinlẹ̀, á fa májèlé inú èéfín náà ju ẹni tó jókòó lọ. Ẹ ṣí fèrèsé tí kò dojú kọ jẹnẹrétọ̀ ẹnikẹ́ni.

Yàrá mi kéré, èèyàn sì ń gbé nísàlẹ̀ wa. Kí ni kí n ṣe?

Fún gẹ́ẹ̀mù tó ń lo rìmóòtù, àyè tí ẹ lè na ọwọ́ méjèèjì sí láìkan nǹkan, tí ẹ sì lè gbé ẹsẹ̀ méjì sí ọ̀tún àti méjì sí òsì, ti tó. Kinect ń fẹ́ kí ẹ jìnnà sí i tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́jọ, nítorí náà yàrá kan nínú ilé fesì-mí-n-fesì-ẹ lè má gbà á. Ẹ gbé tábìlì onígíláàsì kúrò, kí ẹ sì ká rọ́ọ̀gì tó ń yọ̀.

Ti àwọn ará ìsàlẹ̀, ẹ mú fífò kúrò. Ibi tí oníjó bá ti fò, ẹ̀yin ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ sì dìde kíákíá. Itan yín á ṣiṣẹ́ bó ti yẹ, ilẹ̀ kò sì ní dún. Kí ẹ sì bá wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ẹni tí ẹ ti kí, tí ẹ ti sọ fún pé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ẹ ó máa jó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ń fara dà á ju ẹni tó kàn ń gbọ́ gbì-gbì lórí ara rẹ̀.

Ṣé kí n wọ bàtà?

Ẹ wọ kánfáàsì tó fẹsẹ̀ mú ilẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan lórí táìsì léwu, ẹ lè yọ̀ ṣubú. Orí ẹní ijó tó rọ̀ nìkan ni ẹ ti lè bọ́ bàtà. Ẹ sì so okùn rìmóòtù mọ́ ọrùn ọwọ́. Nígbà tí Wii ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní 2006, rìmóòtù ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn débi pé Nintendo ní láti pààrọ̀ okùn tó tó mílíọ̀nù mẹ́ta ó lé.

Báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀? Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣe eré ìdárayá.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, orin mẹ́ta lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́ta péré. Orin kan sábà máa ń tó ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí náà ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ máa lò. Kí orin àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tó rọra ń lọ kí ara lè gbóná, kí ìkẹyìn náà rọra lọ kí ọkàn lè padà sípò. Ẹ má jókòó lójijì. Ẹ rìn kiri nínú yàrá fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí ẹ na itan àti iṣan ẹsẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ fi orin kan sí méjì kún un. Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi dé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ohun tó máa ń lé àwọn olùbẹ̀rẹ̀ sá ni pé wọ́n á jó fún wákàtí kan lọ́jọ́ kìíní torí orin dùn, ìrora á dè wọ́n mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á sì sọ pé ara àwọn kò gbà á.

Tí ìgbésẹ̀ bá ń rú yín lójú, ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́, ẹ fi ọwọ́ sílẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá ti mọ ọ̀nà, ọwọ́ á tẹ̀lé e.

Ṣé mo máa fọn? Mo fẹ́ dín ikùn kù.

Ó lè ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò sọ ọ́. Ẹ fi MET lu ìwọ̀n yín ní kílò, kí ẹ fi wákàtí lù ú. Ẹni tó wọn kílò 70, tó jó ijó tó le fún ààbọ̀ wákàtí: 7.2 × 70 × 0.5, ìyẹn 252 kálórì. Tó bá jó o níwọ̀n, 133. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò 50cl kan ń gbé nǹkan bíi 200 kálórì. Ẹni tó jó tán tó wá fi ẹlẹ́rìndòdò pa òùngbẹ ti dá ohun tó yọ padà sí ibi tó ti yọ ọ́. Omi ni kí ẹ mu.

Kò sí ijó tó ń yọ ọ̀rá ikùn nìkan. Ara ló ń pinnu ibi tí ọ̀rá á ti kọ́kọ́ lọ. Ẹ dín ìwọ̀n òkèlè kù, ẹ máa jó, kí ẹ sì fi bí ṣòkòtò ṣe ń wọ̀ yín ṣe àyẹ̀wò. Kódà tí ìwọ̀n kò bá yí padà, ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru àti oorun yín ń jèrè.

Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwa tó ní àìsàn kan tàbí òmíràn ńkọ́?

Ẹ̀jẹ̀ ríru: eré ìdárayá dára fún un, ṣùgbọ́n tí oògùn kò bá tíì ká a, ẹ rí dókítà ná. Tí àyà bá ń dùn yín, tí òòyì bá ń kọ́ yín, tàbí tí èémí ń ha yín ju bó ti yẹ lọ, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ẹ sì wá ìtọ́jú.

Ìtọ̀ súgà: tí ẹ bá ń gba ínsúlínì tàbí lo oògùn tó ń fa súgà wálẹ̀, ijó lè fà á wálẹ̀ jù. Ẹ fi nǹkan dídùn sí tòsí. Ẹ wọ bàtà nígbà gbogbo, kí ẹ sì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò lẹ́yìn ijó.

Ẹni tó ní SS: ara tó gbẹ, òtútù àti àṣejù lè fa ìrora ńlá. Ẹ máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín, ẹ sinmi láàárín orin kan àti èkejì, ẹ má bá ẹnikẹ́ni díje. Ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ lórí iye tí ẹ lè ṣe.

Wárápá: iná tó ń ṣẹ́jú lójú gẹ́ẹ̀mù lè gbé e dìde fún àwọn kan. Ẹni tó ní in gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Aláboyún: ẹ fi fífò àti yíyí òjijì sílẹ̀, kí ẹ sì gba ìmọ̀ràn ní kílíńììkì. Orúnkún tó ń dùn: ẹ má fò, ẹ má yí orúnkún lórí ẹsẹ̀ tó dúró gbọin.

Màmá mi ti lé ní 65. Ṣé wọ́n lè bá wa jó?

Wọ́n lè bá yín jó, ẹ sì pè wọ́n. WHO gba àwọn tó ti pé 65 nímọ̀ràn pé, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí wọ́n máa ṣe eré tó ń mú kí ẹsẹ̀ lágbára kí ara sì dúró déédéé, kí wọ́n má baà máa ṣubú. Gbígbé ẹsẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún wúlò fún èyí. Ẹ gbé àga tó lágbára sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí wọ́n lè di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, tàbí kí wọ́n jókòó jó bí orúnkún kò bá gbà. Ẹ yan orin tó rọra ń lọ. Tí gẹ́ẹ̀mù kò bá ní orin tí wọ́n fẹ́, ẹ pa ohùn rẹ̀, ẹ fi orin jùjú wọn sí i. Àwọn ìyá wa ti mọ ijó kí wọ́n tó bí ẹni tó ṣe gẹ́ẹ̀mù.

Àwọn ọmọ ńkọ́?

Ọmọ ọdún 5 sí 17 nílò tó ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, gẹ́gẹ́ bí WHO ṣe sọ. Gẹ́ẹ̀mù ijó lè gba apá kan, pàápàá nígbà òjò. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ orin náà fúnra yín. Ọ̀rọ̀ inú àwọn kan kò yẹ ọmọdé. Just Dance sábà máa ń ní apá tó wà fún àwọn ọmọ.

Ṣé ìdíje wà?

Ó wà. Just Dance ti ní ìdíje àgbáyé láti 2014, ó sì wà lára eré tí wọ́n ta níbi Olympic Esports Series, ìdíje gẹ́ẹ̀mù tí àjọ Òlíńpíìkì gbé kalẹ̀, ní Singapore lọ́dún 2023.

Tí mo bá ń jó lójoojúmọ́, ṣé ó tán nìyẹn?

Ó ku iṣan. WHO ní kí àgbàlagbà máa fún iṣan níṣẹ́ ó kéré tán ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ijó nìkan kò tó fún èyí, pàápàá fún apá àti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn orin ìkẹyìn lọ́jọ́ méjì yẹn, ẹ dìde lórí àga kí ẹ tún jókòó ní ìgbà mẹ́wàá, ẹ fi ọwọ́ ti ògiri ní ìgbà mẹ́wàá, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà márùn-ún láti ilẹ̀ dé ìbàdí ní ìgbà mẹ́wàá, ẹ̀yìn ní títọ́. Ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì.